Nọ́ńbà Ara Páálí Sípíkà: Èwo Ló Yẹ Ká Gbà Gbọ́?

Ẹ dé ọjà Alaba ní Ọjọ́, l'Ékòó, tàbí kí ẹ ṣí ojú ewé àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kan náà lẹ máa bá pàdé: páálí aláwọ̀ mèremère tí wọ́n kọ 5,000W sí gàdàgbà, òmíràn tí wọ́n kọ 12,000W PMPO sí, àti ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó wọ́n jù wọ́n lọ dáadáa, tó sì jẹ́ pé 50W péré ló wà lára tiẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi olówó ńlá yẹn rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe dáadáa kí oní-50W yẹn fi ọwọ́ rọ́ oní-5,000W sẹ́yìn bí wọ́n bá jọ dé pálọ̀.

Mo fẹ́ tú àwọn nọ́ńbà yẹn palẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ra sípíkà sílé lè mọ èyí tí yóò wò àti èyí tí yóò fojú fò. Èrò tèmi ò fara sin: wọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń polówó, àmọ́ àpótí sípíkà fúnra rẹ̀ àti yàrá tí ẹ máa gbé e sí ló ń pinnu ohun tí etí yín máa gbọ́.

Kí lohun èlò kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Ohun mẹ́ta ló wà nídìí orin nínú ilé. Àkọ́kọ́ ni orísun orin: fóònù, rédíò, CD, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Iná tó ń ti ibẹ̀ jáde kéré jọjọ, kò lè mi sípíkà ńlá. Amplifier ló ń gba iná kékeré yẹn tó ń sọ ọ́ di alágbára. Ìkẹta ni sípíkà, òun ló ń sọ iná di ìró.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Òòfà wà nínú sípíkà, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé róbótó wà láàárín òòfà náà, wọ́n sì lẹ wáyà yìí mọ́ ìdí abọ́ bébà tí à ń rí níwájú. Bí iná bá ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, abọ́ náà á máa jáde á máa wọlé, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ á sì máa gbọ̀n títí á fi kan etí wa. Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric l'Amẹ́ríkà, ló gbé irú èyí tí à ń lò yìí jáde ní 1925. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí, ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n ṣì ń dá nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú sípíkà ọjà.

Abọ́ ńlá tó ń gbé bàásì là ń pè ní woofer. Èyí tó kéré, tó ń gbé ohùn tínrín bíi ti agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ni tweeter. Nínú home theatre àti àwọn sípíkà tó ń gba Bluetooth, amplifier ti wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú wọn. Nínú hi-fi àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rà á.

Wọ́ọ̀tì, RMS, PMPO: kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Wọ́ọ̀tì jẹ́ òṣùwọ̀n agbára iná. Tí wọ́n bá kọ RMS tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n ń sọ ni iye agbára tí amplifier lè máa gbé jáde lemọ́lemọ́ láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ dàrú. PMPO ní tiẹ̀ ni iye tí iléeṣẹ́ gbà pé ó lè jáde fún ìṣẹ́jú àáyá tín-ń-tín, bí gbogbo nǹkan bá ṣe wẹ́kú. Kò sí ìlànà kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí tó sọ bí wọ́n á ṣe ṣírò rẹ̀, nítorí náà kálukú ń ṣírò tiẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ẹ wo aláàárù tó ń ru àpò sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ wá wo ọmọkùnrin kan tó gbé àpò méjì nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè pàtẹ́wọ́ fún un, tó sì jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti aláàárù ni RMS, ti ọmọkùnrin yẹn ni PMPO. Àfi pé nínú ọ̀rọ̀ PMPO, kò sẹ́ni tó bá a ka àpò, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ iye tó gbé.

Ẹ má sọ pé mò ń bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà kí ẹ wo bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí wáyà iná ti jáde. Ẹ máa rí irú nǹkan báyìí: "AC 220–240V ~ 50/60Hz 60W". 60W yẹn ni iye iná tí ẹ̀rọ náà ń gbà lára ògiri. Ohun tí kò bá wọlé kò sì lè jáde. Lóòótọ́, àwọn èlò kan wà nínú amplifier tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́, tó lè tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ìlù bá dún gbì, àmọ́ kò lè dì í mú. Ẹ̀rọ tó ń gba 60W kò lè máa kọrin 5,000W.

Ẹ tún rò ó báyìí. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń jẹ nǹkan bíi 1,000W. Jẹ̀nẹ́rétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tó kílówọ́ọ̀tì kan, bí wọ́n bá sì ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ariwo ló máa pa títí á fi kú. Ṣùgbọ́n jẹ̀nẹ́rétọ̀ yìí kan náà ló ń gbé home theatre "5,000W", tó tún ń gbé fáànù àti gílóòbù mẹ́rin mọ́ ọn láìmí. Níbo ni 5,000 ọ̀hún wà?

Irọ́ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ó pọ̀ l'Amẹ́ríkà débi pé àjọ tó ń rí sí òwò níbẹ̀, FTC, ṣe òfin ní 1974 nípa bí àwọn tó ń ta amplifier fún ìlò ilé ṣe gbọ́dọ̀ sọ wọ́ọ̀tì wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí gbólóhùn gígùn lára amplifier gidi: "50W × 2, 8 ohms, 20Hz–20kHz, 0.08% THD". Ẹ kà á níwọ̀n-níwọ̀n. 50W fún sípíkà ọ̀tún, 50W fún ti òsì. Sípíkà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n jẹ́ olóòmù 8 (a máa dé orí óòmù níwájú). Ó gbé agbára yẹn láti ibi ohùn tó nípọn jù lọ dé ibi tó tínrín jù lọ tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́. Ohùn tó fi kún un tí kò sí nínú orin kò sì pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kọ gbogbo èyí ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó kọ "12,000W" lásán kò sọ nǹkan kan.

Wọ́ọ̀tì mélòó wá ló tó wa?

Ó kéré sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò, ibí yìí sì ni nọ́ńbà tó wúlò jù lọ ti wọlé. Ẹ wò ó lára sípíkà: "sensitivity 88dB". Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni pé, tí a bá fún sípíkà náà ní wọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tí a sì dúró ní mítà kan síwájú rẹ̀, ariwo tí a máa gbọ́ jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì 88.

Ìṣirò dẹ́síbẹ̀lì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Tí ẹ bá sọ wọ́ọ̀tì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ló fi ń lé sí i, etí kàn máa mọ̀ ọ́n lára díẹ̀ ni. Kí ohùn tó lè dà bíi pé ó di méjì létí, ẹ nílò ìlọ́po mẹ́wàá wọ́ọ̀tì. Nítorí náà, ẹni tó fi owó kún owó torí kó lè kúrò ní amplifier 50W bọ́ sí ti 100W, dẹ́síbẹ̀lì 3 ló rà. Bó bá ṣe pé sípíkà oní-90dB ló fi rọ́pò oní-84dB ni, dẹ́síbẹ̀lì 6 ló máa jẹ, bíi pé ó sọ amplifier rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Àpẹẹrẹ méjì wà tí àwọn tó fẹ́ràn hi-fi mọ̀ dunjú. BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe sípíkà kékeré kan láàárín ọdún 1970 sí 1979, LS3/5a, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè máa fi gbọ́ ohùn nínú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ohùn ènìyàn dùn nínú rẹ̀ gan-an, àmọ́ kò ju nǹkan bíi 83dB lọ. Sípíkà ńlá Klipschorn tí Paul Klipsch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìlú Hope, ní Arkansas, ní 1946, ga tó ènìyàn dé àyà, igun yàrá ló ń jókòó sí, ó sì ń lọ sí nǹkan bíi 105dB. Kí LS3/5a tó lè pariwo tó Klipschorn tó ń jẹ wọ́ọ̀tì kan, ó máa fẹ́ ju 100W lọ, iná á sì ti jó o kó tó débẹ̀. Wọ́ọ̀tì nìkan kò lè sọ ìtàn yìí fún yín.

Nínú yàrá oní-ẹsẹ̀-bàtà 12 sí 12, ẹni tó ń gbọ́ orin jẹ́jẹ́ tí kò sì dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ sábà máa ń wà ní dẹ́síbẹ̀lì 75 sí 80. Sípíkà oní-88dB kò nílò tó wọ́ọ̀tì kan fún ìyẹn. Ohun tí a fi ń ra 30W tàbí 50W ni ìgbà tí ìlù bá sọ lójijì, torí ìró ìlù lè fi dẹ́síbẹ̀lì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ohùn akọrin lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tún sípíkà ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ tí oníbàárà kì í fẹ́ gbà gbọ́: amplifier kékeré tí wọ́n yí dé òpin ló sábà máa ń jó tweeter, ju amplifier ńlá tí wọ́n rọra lò lọ. Bí agbára amplifier bá tán, orí ìgbì ohùn á gé pẹrẹsẹ, gígé yẹn á sì bí àwọn ohùn tínrín tí kò sí nínú orin, gbogbo rẹ̀ á wá wọ́ tọ tweeter tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Tí ohùn akọrin bá ti ń ha, ẹ dín in kù.

Àwọn kan á tún sọ pé kí ni wọ́n ń wá kiri, ṣebí sípíkà òde ayẹyẹ wà, oní-íńṣì 15, ariwo rẹ̀ kò láfiwé. Òótọ́ ni, ó ń lọ sí 95dB sókè. Wọ́n ṣe é kó lè sọ ohùn ju orí igba ènìyàn lọ lábẹ́ kánópì. Ẹni tó bá jókòó sí mítà méjì síwájú rẹ̀ nínú pálọ̀ á gbọ́ ariwo, àmọ́ orin á máa gbá a lójú ni. Tèmi ni pé kó dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá.

Óòmù ńkọ́?

Èyí ò gùn. Óòmù ń sọ bí sípíkà ṣe ń di iná lọ́nà tó. Bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà lára amplifier ṣe ń pọ̀ tó. Tí wọ́n bá kọ "6–16 ohms" sẹ́yìn amplifier, ẹ má fi sípíkà olóòmù 4 sí i, ẹ má sì so sípíkà méjì olóòmù 8 mọ́ ojú kan ṣoṣo, torí àwọn méjèèjì á di 4 lójú amplifier. Ooru lẹ máa kọ́kọ́ rí, òórùn jíjó á tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí àpótí kékeré kì í ní bàásì gidi?

Gbogbo wa ló ń wá ohun mẹ́ta pọ̀: àpótí tí kò gba àyè, bàásì tó jinlẹ̀, àti ariwo púpọ̀ láti inú wọ́ọ̀tì díẹ̀. Méjì lẹ lè rí gbà nínú mẹ́ta. Edward Villchur fi AR-1 hàn ayé ní 1954, àpótí kékeré tí wọ́n dí pa, tó sì ń gbé bàásì tí àwọn àpótí ràbàtà ìgbà yẹn ń gbé. Ó mú kékeré, ó mú bàásì jíjinlẹ̀, ó sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀: àfi kí wọ́n fún un ní amplifier alágbára. Títí dòní, kò tíì sí iléeṣẹ́ tó bọ́ nínú àdéhùn yẹn. Àwọn sípíkà kékeré ìgbàlódé tó ń fi bàásì mi ilẹ̀ ń fi wọ́ọ̀tì àti kọ̀ǹpútà inú wọn san gbèsè náà ni, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti yí ohùn wọn sókè dáadáa, kọ̀ǹpútà yẹn á rọra gé bàásì kúrò kí abọ́ má baà fà ya.

"Subwoofer" tó máa ń bá home theatre olówó pọ́ọ́kú wá, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe àpótí rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ló sì mọ̀: gbum, gbum, gbum, orin yòówù kí wọ́n fi sí i. Ẹ fi orin jùjú dán an wò. Okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá bàásì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 41Hz. Sípíkà tó dára, ẹ máa gbọ́ bí gìtá náà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ máa gbọ́ àkúbà lọ́tọ̀, gángan á sì máa sọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lókè wọn. Tí gbogbo wọn bá ti di gbum, wọ́ọ̀tì kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí bàásì sípíkà dé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ nǹkan bíi "55Hz–20kHz ±3dB". Àmì ±3dB yẹn ni ẹ̀rí, ó ń sọ pé láàárín ibẹ̀, kò sí ohùn tó ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù. "20Hz–20kHz" láìsí àmì yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ tún fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà: tó bá dún kọ́kọ́ kúkúrú, pákó rẹ̀ nípọn, tó bá dún bí ìlù, òun náà á máa bá olórin kọrin ni.

Ṣé yàrá ń ba ohùn jẹ́ lóòótọ́?

Ó ń bà á jẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá bàásì. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìgbì ohùn 50Hz gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Yàrá ẹsẹ̀-bàtà 12 kò ju mítà 3.7 lọ. Ìgbì kan wà, ní nǹkan bíi 47Hz, tí ìdajì rẹ̀ gùn géérégé tó àyè tó wà láàárín ògiri méjì yẹn. Yóò máa ta láti ògiri dé ògiri, yóò kó jọ sí ìdí ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàárín yàrá. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri á ní bàásì ti pọ̀ jù, ẹni tó jókòó sí àárín á ní kò sí bàásì rárá. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Bí yàrá bá wá rí 12 sí 12, òró àti ìbú rẹ̀ máa ń dá ohùn kan náà sílẹ̀, wàhálà á di méjì. Kí ẹ tó ra sípíkà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ sún àga síwájú ní ẹsẹ̀-bàtà kan tàbí méjì.

Igun yàrá máa ń fi bàásì kún bàásì, torí náà sípíkà tó bá ń bú ramúramù, ẹ fà á kúrò ní igun. Ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàárín sípíkà méjèèjì tó èyí tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ibi tí ẹ ń jókòó, kí tweeter sì wà ní ọ̀gangan etí yín. Tí èyí bá tọ́, akọrin á dà bí ẹni tó dúró sí àárín méjèèjì, níbi tí kò sí sípíkà kankan. Nítorí èyí gan-an ni wọ́n ṣe dá sítẹ́rìò sílẹ̀. Alan Blumlein, tó ń ṣiṣẹ́ fún EMI, iléeṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní London, ti kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n náà láti 1931. Ẹni tó bá gbé sípíkà méjèèjì lé ara wọn lórí sí igun kan ti sọ 1931 nù.

Ní ti táìlì, POP àti gíláàsì fèrèsé: ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín pálọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ kíín-ín lẹ́yìn rẹ̀, ohùn tínrín ń ta kiri ni. Rọ́ọ̀gì, kọ́tìnnì tó nípọn àti àga onítìmùtìmù á dín in kù, àmọ́ wọn ò rí bàásì mú. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Kò dá bàásì dúró, kò sì ní kí aládùúgbò má gbọ́ orin yín. Àwọn aáyán ló máa kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.

Iná ilé wa àti ẹ̀rọ tó ti ìlú òyìnbó dé

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston ra amplifier tó dáa, ó fi í sínú ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ẹ má tíì kì í bọ iná. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz; tiwa lé ní 220V, 50Hz. Bí wọ́n bá kọ "120V 60Hz" nìkan sẹ́yìn rẹ̀, èéfín ló máa fi kí yín. Àwọn amplifier kan ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí i láti 120V sí 230V. Èyí tí kò bá ní, transifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, kí agbára rẹ̀ sì ju iye wọ́ọ̀tì tó wà lára bébà ẹ̀yìn amplifier lọ dáadáa. Èyí tó ti London wá kò ní wàhálà yẹn, torí iná wọn bá tiwa mu, ojú píláàgì náà sì dọ́gba.

Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í ṣe "pure sine wave" máa ń jẹ́ kí transifọ́mà inú amplifier kùn bí oyin. Tó bá jẹ́ pé orí bátìrì lẹ ti ń gbọ́ orin lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ wá amplifier "Class D". Ó lè fi nǹkan bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó ń gbà ṣiṣẹ́, nígbà tí "Class AB" ń sọ èyí tó pọ̀ nínú tiẹ̀ di ooru. Bátìrì yín á mọ ìyàtọ̀ náà.

Ṣé ká ra tòkunbọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò. Mo gbà pé sípíkà tòkunbọ̀ gidi dára ju home theatre tuntun tí owó wọn jọ lọ. Ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀. Òrùka kan wà tó so abọ́ bébà mọ́ irin. Tó bá jẹ́ fóòmù ni, ó máa ń jẹrà bí ọdún bá ti gorí ọdún, ooru àti ọ̀rinrin sì ń yá a lára. Ẹ fọwọ́ kàn án díẹ̀: tó bá ń rún sílẹ̀, owó àtúnṣe ti wọ̀ ọ́. Èyí tó jẹ́ rọ́bà máa ń pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti woofer wọlé jẹ́jẹ́, kó dọ́gba. Tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń ha, wáyà inú rẹ̀ ti jó tàbí ó ti wọ́.

Ẹ mú bátìrì 1.5V kan dání, irú ti rìmóòtù. Ẹ fi wáyà méjì kan ojú ìdí sípíkà fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, orí bátìrì sí ibi pupa, ìdí rẹ̀ sí ibi dúdú. Abọ́ woofer gbọ́dọ̀ sún síta. Tí ọ̀kan bá sún síta tí ìkejì sì wọlé, ẹnì kan ti tún un ṣe tó sì yí wáyà rẹ̀ padà. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ nílé tí ẹ bá fi pupa sí dúdú lára ọ̀kan nínú méjèèjì: bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síta ni ìkejì ń fà á wọlé, bàásì á pòórá, ohùn akọrin á sì máa rìn kiri. Àìmọye ènìyàn ló ti torí èyí bú sípíkà tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Wáyà, Bluetooth àti àmì "Hi-Res"

Wáyà kọ́pà tí àwọn oníná ń pè ní 1.5 tàbí 2.5 tó fún pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi abẹ ha á: tó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni wọ́n ń tà fún yín. Wáyà olówó ńlá tó ń dán, ẹ jẹ́ kó dán sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Bluetooth máa ń fún orin mọ́ra kó tó fi ránṣẹ́, àmọ́ ohun tó ń pàdánù kéré púpọ̀ sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín sípíkà kan àti òmíràn. Orin tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún. CD tó jáde ní 1982 ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ti kó gbogbo ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ títí dé 20kHz. Tèmi ni pé ẹ má fi owó kún owó nítorí àmì "Hi-Res", tó ń sọ pé ẹ̀rọ náà lè gbé ohùn tó ju ti CD lọ.

Báwo la ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ fi ojú sílẹ̀, ẹ lo etí. Floyd Toole, onímọ̀ nípa ìró, nígbà tó wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba Kánádà ní Ottawa, máa ń fi aṣọ bo sípíkà kí àwọn olùgbọ́ má mọ èyí tó ń kọrin. Èyí tí ohùn rẹ̀ tẹ́jú, tí kò gbé apá kan ga ju apá kan lọ, ló ń wọ̀ wọ́n létí jù. Ní 1994, òun àti Sean Olive ṣe irú ìdánwò yìí ní Harman, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, wọ́n kọ́kọ́ bò ó, wọ́n sì tún ṣí i sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùgbọ́ rí sípíkà, máàkì tí wọ́n fún un yí padà.

Ọlọ́jà mọ èyí tipẹ́, kò sì kàwé kankan lórí rẹ̀. Á fi orin tó kún fún bàásì sí èyí tó fẹ́ tà, á yí bàásì àti tírẹ́bù dé òpin, á sì jẹ́ kó fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ, torí etí gbogbo wa ló máa ń sọ pé èyí tó ga díẹ̀ ló dùn jù. Ẹ ní kó dá gbogbo bọ́tìnnì padà sí àárín, kó sì mú ohùn méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi orin tiyín sí i, èyí tí ẹ mọ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ sì fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ka ìròyìn tàbí akéwì. Etí wa kì í gba irọ́ lórí ohùn ènìyàn. Bí "s" àti "ṣ" kò bá yàtọ̀ síra kedere lẹ́nu rẹ̀, tweeter ò dáa. Bí "s" bá ń gún etí, ohùn tínrín rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní ti owó, tí mo bá fẹ́ ná náírà mẹ́wàá, mẹ́fà ló máa lọ sí sípíkà. Méjì tó dáa ni mo sì máa rà dípò márùn-ún àti subwoofer tí wọ́n pín iye owó kan náà sí. Ẹni tó jẹ́ pé fíìmù nìkan ló ń wò lè ra soundbar, kó ṣáà má retí sítẹ́rìò gidi láti ara pákó kan tó gùn tó apá.

Ẹ jẹ́ kó kọrin fún ó kéré tán ìdajì wákàtí kó lè gbóná, torí àwọn amplifier kan ò ní ṣàìsàn àfi tí ara wọn bá gbóná. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú rìsíìtì, kí ẹ sì bá ọlọ́jà ṣàdéhùn iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà, kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀, nítorí yàrá yín kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.